Láptọ́ọ̀pù gbóná bí ààrò, ó sì ń pa ara rẹ̀: níbo ni ooru ti há?

OmoUnderG, Ògbómọ̀ṣọ́, 7:20 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù kan. Tòkunbọ̀ ni, ojú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 14, prósẹ́sọ̀ rẹ̀ (ọpọlọ ẹ̀rọ náà) jẹ́ Intel i5-6300U, RAM 8GB, Windows 10. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án tí wọn ò tíì ṣí ohunkóhun, HWiNFO, sọ́fítíwíà tó ń ka ooru inú ẹ̀rọ, ń kà á sí 66 sí 68 dígírì. Tí wọ́n bá ṣí Zoom pẹ̀lú Chrome, kò ní pé ìṣẹ́jú méjì tí á fi dé 98. Fáànù á máa ké bí ẹ̀rọ ìlọta, gbogbo nǹkan á máa fà, tó bá sì di bí ogún ìṣẹ́jú, á kú lójijì láìsọ ohun tó ṣe é. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́nu ihò apá òsì kò pọ̀ rárá.

Ẹnì kan ní kí n ra cooling pad, pẹpẹ onífáànù tí wọ́n ń gbé láptọ́ọ̀pù lé. Ẹlòmíì ní kí n gbé e fún ẹni tí yóò ṣí i. Èwo ló yẹ kó ṣáájú? Ìdánwò ti sún mọ́lé.

BabaBoard_Takie, Ògbómọ̀ṣọ́, 7:58 àárọ̀

Àbúrò mi, o káre tí o ka dígírì rẹ̀ kí o tó béèrè. “Ó ń gbóná” nìkan kò tó sọ fún ẹni tó fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́. 70 yàtọ̀ sí 98.

Intel fi 100 dígírì ṣe òpin fún i5-6300U. Bó bá ti ń sún mọ́ ọn, prósẹ́sọ̀ á fúnra rẹ̀ dín eré kù kó má baà jóná. Ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan fi ń fà. Bó bá dín eré kù títí tí ooru kò sì lọ, ohun tó kù kò ju kó pa iná lọ. Lọ wo Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí: ó ṣeé ṣe kí o rí Kernel-Power 41 ní àkókò tó kú. Nọ́ńbà yẹn kò sọ pé ooru ló pa á o, ohun tó ń sọ kò ju pé iná já lójijì lọ. Ṣùgbọ́n bí HWiNFO bá tún kọ “Yes” síwájú Thermal Throttling (pé ooru ló ń mú un dín eré kù), a ti mú olè náà.

Má gbàgbé yàrá. Oṣù Kẹta nìyí. Yàrá onípáànù tí kò ní sílíìnì lè gbóná ju ìta lọ lọ́sàn-án. Fáànù láptọ́ọ̀pù kì í ṣe ẹ̀rọ amúlétutù. Afẹ́fẹ́ inú yàrá yẹn náà ló ń fà wọlé, kò sì lè mú prósẹ́sọ̀ tutù ju yàrá lọ láéláé. Bí yàrá bá kúrò ní 25 tó di 36, prósẹ́sọ̀ á fi nǹkan bí 11 yẹn lé ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, lọ́dọ̀ tiwa níbí, 50 sí 55 nígbà tí kò ṣiṣẹ́ kankan kò burú. Bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, 75 sí 85 ṣì dára. 68 láìṣe nǹkan kan, àìsàn ni.

Ooru ní ọ̀nà tó ń gbà jáde. Láti ara prósẹ́sọ̀, á gba inú thermal paste, lẹ́ẹ̀ tó wà láàárín prósẹ́sọ̀ àti bàbà, bọ́ sára páìpù bàbà, páìpù á gbé e lọ sára àwọn abẹ tín-ín-rín tó tò bí eyín ìyàrun lẹ́nu ihò, fáànù á wá fẹ́ ẹ síta. Ibì kan lójú ọ̀nà yẹn ló há. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ àti HWiNFO tó láti mọ ibẹ̀ kí o tó tú síkúrù kan ṣoṣo. Jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí tó fi kọjá 90, kí o wá gbé ọwọ́ sẹ́nu ihò.

Bí afẹ́fẹ́ bá kéré ṣùgbọ́n tó gbóná janjan, ooru ti dé ẹnu ọ̀nà, eruku ló dí eyín ìyàrun yẹn tí kò fi rí ibi jáde.

Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ ṣùgbọ́n tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán, tí HWiNFO sì ń kà á sí 95, ooru kò dé ẹnu ọ̀nà rárá. Thermal paste ti gbẹ, tàbí síkúrù tó di heatsink (bàbà tó ń gba ooru lórí prósẹ́sọ̀) mọ́lẹ̀ ti dẹ̀, tàbí páìpù bàbà ti kú. Omi díẹ̀ ló wà nínú páìpù yẹn tó ń di oru, tó sì ń padà di omi. Bí páìpù bá ká tàbí tó lu, omi yẹn á lọ, yóò sì di bàbà lásán.

Kò sí afẹ́fẹ́ rárá? Fáànù ni.

Afẹ́fẹ́ pọ̀, ó sì gbóná? Ọ̀nà mọ́, iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Wo ohun tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Èwo ni tìrẹ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Ọ̀rọ̀ ò tíì kan cooling pad. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Aduke_Linux, Ògbómọ̀ṣọ́, 8:31 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Kí ó tó fọwọ́ kan síkúrù, ẹ jẹ́ kó yẹ inú Windows wò, torí ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc, ẹ tẹ orí CPU kí èyí tó ń jẹun jù bọ́ sókè. Bí ẹ ò bá ṣí nǹkan kan, kò yẹ kó ju 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí ẹ bá rí Windows Modules Installer Worker tàbí Antimalware Service Executable lókè, ẹ má pa á. Ẹ fi láptọ́ọ̀pù sórí iná àti dátà fún wákàtí kan, á parí iṣẹ́ rẹ̀, á lọ jókòó. Ìṣòro àwọn tó ń tan láptọ́ọ̀pù fún ìdajì wákàtí péré lójúmọ́ ni pé iṣẹ́ yẹn lè má tètè parí, á sì máa padà wá lójoojúmọ́. Chrome ní Task Manager tirẹ̀, Shift+Esc ló ń ṣí i, ẹ óò rí ojú-ewé tó ń jẹun níbẹ̀.

Bí fáànù bá ń ké, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti ṣí Task Manager báyìí ni gbogbo rẹ̀ ń rọlẹ̀, ẹ fura. Ẹnì kan lè ti fi ẹ̀rọ yín wa owó kírípítò. Inú àwọn sọ́fítíwíà tí wọ́n já àti àwọn activator (tó ń ṣí Windows láìsanwó) tí wọ́n ń pín kiri ló sábà máa ń gbà wọlé. Ẹ lọ sí Windows Security, Virus & threat protection, Scan options, ẹ mú Microsoft Defender Offline scan. Á tún ara rẹ̀ tàn, á yẹ̀ ẹ́ wò kí Windows tó jí.

Èkejì, ẹ gba turbo lọ́wọ́ rẹ̀. Eré i5-6300U gan-an jẹ́ 2.4GHz, turbo ló ń gbé e dé 3.0. Kó tó lè sá eré àfikún yẹn, iná tó ń fà á lókè sí i, ooru sì máa ń ju eré yẹn lọ púpọ̀. Control Panel, Power Options, Change plan settings, Change advanced power settings, Processor power management, Maximum processor state: ẹ sọ 100 di 99. Ìdínkù ẹyọ kan yẹn ló ń pa turbo. Bí ẹ ò bá rí Processor power management níbẹ̀, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí Administrator, ẹ kọ:

powercfg /setacvalueindex scheme_current sub_processor PROCTHROTTLEMAX 99
powercfg /setdcvalueindex scheme_current sub_processor PROCTHROTTLEMAX 99
powercfg /setactive scheme_current

Ti àkọ́kọ́ wà fún ìgbà tó bá wà lórí iná, èkejì fún ìgbà tó bá wà lórí bátìrì. Ẹni tó bá ń lo Ubuntu lè fi sudo apt install lm-sensors sórí ẹ̀rọ rẹ̀, kó máa fi sensors ka dígírì. Ọ̀nà tí òun fi ń pa turbo ni:

echo 1 | sudo tee /sys/devices/system/cpu/intel_pstate/no_turbo

Bó bá tún ẹ̀rọ tàn, turbo á padà.

Ẹ jẹ́ kó yé yín o: èyí dín ooru kù láti orísun rẹ̀ ni. Kò ká eruku kankan.

OmoUnderG, 9:47 àárọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá àti Àǹtí. Task Manager: 6 nínú ọgọ́rùn-ún láìṣe nǹkan kan, kò sí orúkọ àjèjì. Lẹ́yìn tí mo sọ ọ́ di 99, Zoom àti Chrome ń gbé e dé 86 dípò 98, kò sì tíì kú láti wákàtí kan. HWiNFO ti kọ Yes tẹ́lẹ̀. Lẹ́nu ihò, afẹ́fẹ́ kéré, ó sì gbóná débi pé ọwọ́ ò lè pẹ́ níbẹ̀.

Ìyẹn ni pé eruku ni, àbí? Fọkanáísà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ṣé kó fi afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́ ẹ láti ẹnu ihò?

AkesanHardware, Ọ̀yọ́, 10:15 àárọ̀

Rárá o! Jọ̀ọ́, má gbé e débẹ̀.

Omi máa ń gbé sí ìdí táǹkì kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ wọn, ọ́ìlì ẹ̀rọ sì máa ń bá afẹ́fẹ́ náà jáde. Táyà ò ka ìyẹn sí, bọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù kà á sí. Agbára rẹ̀ sì le ju ohun tí fáànù kékeré lè gbà lọ: á yí i kọjá eré tí wọ́n ṣe é fún, bẹ́rìn rẹ̀ á jẹ. Ẹ̀wẹ̀, fáànù tí afẹ́fẹ́ bá ń yí máa ń pèsè iná padà sínú bọ́ọ̀dù bíi dínámò kẹ̀kẹ́. Kódà bó bá jẹ́ blower kékeré tí wọ́n ń kì bọ iná lo fẹ́ lò, fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan há àárín àwọn abẹ fáànù (apá rẹ̀ tó ń yí) kó má lè yí, kí o sì jìnnà sí i tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan.

Ohun tó tún burú nínú fífẹ́ ẹ láti ìta nìyí. Eruku tó wà láàárín fáànù àti eyín bàbà yẹn kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú. Ó ti dì. Bí o bá ṣí ìdérí fáànù, wàá bá a bí ẹ̀já aṣọ eléérú kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ ẹnu eyín náà: irun orí, òwú kúbùsù, eruku pupa ilẹ̀ wa, ọyẹ́ ti fún gbogbo rẹ̀ pọ̀. Fi èékánná mú igun rẹ̀ kan, á ká kúrò lẹ́ẹ̀kan náà bí awọ. Ìyẹn lo ń tì padà sínú fáànù tí o bá fẹ́ ẹ láti ìta. Á tutù fún ọjọ́ méjì, fáànù á tún gbé e wá síbi tó wà.

Nítorí náà, ṣíṣí ni. Bí ọwọ́ rẹ bá balẹ̀, wákàtí kan tó. Tẹ Shift mọ́lẹ̀ kí o tó tẹ Shut down, kó lè kú pátápátá, torí Fast Startup kì í jẹ́ kó kú tán. Yọ ṣájà. Dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí aṣọ mímọ́, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì. Nígbà ọyẹ́ pàápàá, tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, iná tó ń ta pàrà lára aṣọ ọ̀rá lè pa bọ́ọ̀dù láìjẹ́ pé o mọ̀ ọ́n lára. Fọwọ́ kan irin fèrèsé kí o tó fọwọ́ kan inú rẹ̀.

Síkúrù. PH0 tàbí PH1 ló máa ń bá ọ̀pọ̀ mu, àwọn mìíràn ń fẹ́ Torx T5. Bí síkúrù bá kọ̀, má fi èyí tí kò bá a mu fi ipá yí i, orí rẹ̀ á bó. Ya àwòrán ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù sórí bébà, kí o máa gún síkúrù kọ̀ọ̀kan sí ojú ibi tó ti jáde. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí gígùn wọn kò dọ́gba. Bí o bá fi èyí tó gùn sí ihò èyí tó kúrú, ó lè gún bọ́ọ̀dù láti ìsàlẹ̀, tàbí kó yọ orí sókè lábẹ́ touchpad. Láptọ́ọ̀pù tó ń gbóná ṣeé tún ṣe. Bọ́ọ̀dù tí síkúrù gún, iṣẹ́ ńlá ni. Wo abẹ́ rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ àti abẹ́ sítíkà, wọ́n máa ń fi síkúrù pamọ́ síbẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá jáde tí ìdérí kò sì ṣí, má fà á. Ọ̀kan ṣẹ́kù.

Fi káàdì ATM tó ti kú wá etí ìdérí kiri, kì í ṣe ọ̀bẹ. Bó bá ti ṣí, ẹnu bátìrì ni kí o kọ́kọ́ yọ. Ike rẹ̀ ni kí o dì mú, kì í ṣe wáyà. Tẹ bọ́tìnnì ìtanná fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 kí iná tó kù lára bọ́ọ̀dù gbẹ. Ìgbà yẹn lo tó lè fọwọ́ kan fáànù.

Yọ wáyà fáànù, tú síkúrù rẹ̀, ṣí ìdérí rẹ̀, kí o ká aṣọ eruku yẹn. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kékeré tó rọ̀, tí kò tíì kan ọ̀dà rí, dára fún èyí tó kù. Bí eyín bàbà ṣe dúró ni kí o gbọ̀n ọ́n sí, má dábùú rẹ̀, torí ó tín-ín-rín, á tẹ̀. Fi òwú tí wọ́n fi ń nu etí, tí o rì sínú isopropyl alcohol, nu àwọn abẹ fáànù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kẹrosíìnì, pẹtiróòlù, omi ọṣẹ: ìkankan nínú wọn kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Gbé eyín náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. O gbọ́dọ̀ máa rí ìmọ́lẹ̀ láàárín gbogbo wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Bí fáànù rẹ bá ṣeé yọ láìgbé heatsink, má fọwọ́ kan thermal paste o. Tò ó padà, ka dígírì rẹ̀. Bó bá ti dára, ó tán.

BabaBoard_Takie, 10:52 àárọ̀

Akẹ̀sán, gbogbo rẹ̀ ló tọ́, àfi ti ìparí yẹn. Tòkunbọ̀ ni. Ìran i5 yìí jáde ní 2015, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá wọ́n ti pààrọ̀ paste rẹ̀ rí. Bí a bá ti dé inú rẹ̀ tí bátìrì sì ti yọ, ẹ jẹ́ kó pààrọ̀ ẹ̀. Ṣíṣí ìdérí lẹ́ẹ̀mejì, ìlọ́po méjì àǹfààní láti ṣẹ́ ike rẹ̀ ni.

Àbúrò, bí o bá máa ṣe é, báyìí ni. Tan láptọ́ọ̀pù fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí paste lílé rọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ síkúrù heatsink, wàá rí 1, 2, 3, 4. Láti 4 wá sí 1 ni kí o tú u, ìdajì yíyí kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o tún yí i ká. Bí kò bá gbéra, fi ọwọ́ yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, má fà á sókè. Prósẹ́sọ̀ láptọ́ọ̀pù kò ní irin tó bò ó bíi ti désíkítọ́ọ̀pù. Ohun dúdú tó ń dán bí gíláàsì lo máa rí, etí rẹ̀ sì máa ń ṣẹ́ bí ẹ tẹ̀ ẹ́ níbi kan ju ibòmíì lọ. Méjì ni wàá bá níbẹ̀. Èyí tó tóbi ni prósẹ́sọ̀.

Nu paste àtijọ́ kúrò lójú méjèèjì pẹ̀lú isopropyl tó jẹ́ 90 sókè nínú ọgọ́rùn-ún àti aṣọ tí kì í tú. Bí o ò bá rí i, sípírítì ilé oògùn lè ká a, ṣùgbọ́n àwọ̀ inú rẹ̀ máa ń ṣẹ́kù; nù ún títí aṣọ kò fi ní àbàwọ́n mọ́. Jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Paste tuntun, tó hóró ìrẹsì kan. Ìrẹsì tí a kò tíì sè. Irú MX-4 tí kì í gbé iná ni kí o lò. Fi etí ike tẹ́ ẹ kó bo gbogbo ojú gíláàsì náà dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí igun tí paste kò dé ni yóò máa jó. Àwọn tó ń fi púpọ̀ sí i rò pé oúnjẹ ni. Iṣẹ́ paste kò ju kó dí àwọn kòtò tí ojú ò lè rí láàárín gíláàsì àti bàbà lọ. Bó bá nípọn, òun fúnra rẹ̀ á di kúbùsù. Gbé heatsink padà, di síkúrù láti 1 lọ sí 4, díẹ̀díẹ̀, títí tí gbogbo wọn á fi dúró.

TisaAwe, Awẹ́, 11:40 àárọ̀

Ẹ kú àlàyé. Ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè méjì. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, tó ní káàdì àwòrán tirẹ̀, ṣé bákan náà ni? Ṣé òótọ́ sì ni pé ọṣẹ ìfọyín lè rọ́pò thermal paste?

AkesanHardware, 12:06 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán, Tíṣà. Ọṣẹ ìfọyín ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí díẹ̀, torí omi inú rẹ̀ ló ń gbé ooru. Omi yẹn á gbẹ, á di èèpá ẹfun, á sì burú ju paste tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má dán an wò.

Ti géèmù yàtọ̀ díẹ̀. Yàtọ̀ sí paste lórí prósẹ́sọ̀ àti GPU (prósẹ́sọ̀ káàdì àwòrán), ẹ óò rí thermal pad, ohun rírọ̀ bíi rọ́bà, lórí àwọn mẹ́mórì tó yí GPU ká àti lórí ibi tí iná ń gbà wọlé. Pad kì í ṣe paste. Àlàfo tó wà níbẹ̀ ju ohun tí paste lè dí lọ. Bí pad bá ya, ẹ fi èyí tó nípọn bákan náà rọ́pò rẹ̀: 0.5, 1 tàbí 1.5 mílímítà. Ẹ wọ̀n ọ́n níbi tí heatsink kò tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fi 1.5 sí ibi 1, heatsink á gbéra lórí GPU, paste kò ní kàn án dáadáa, ẹ óò sì máa wá ohun tó fà á kiri. Liquid metal tí wọ́n ń polówó náà, gálíọ̀mù wà nínú rẹ̀, ó ń jẹ alumíníọ̀mù, ó sì ń gbé iná. Ẹ̀kán kan bọ́ sórí bọ́ọ̀dù, ó parí. Paste ti tó fún wa.

SaboPower, Ògbómọ̀ṣọ́, 1:22 ọ̀sán

Ẹ pẹ̀lẹ́ níbẹ̀ yẹn. Ẹ má gbàgbé bátìrì. Bí ìdérí bá ti ṣí, ẹ wò ó dáadáa. Kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí touchpad bá ti ń le láti tẹ̀, tàbí tí láptọ́ọ̀pù ń mì lórí tábìlì tó tẹ́, bátìrì ti wú. Ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má fi iná sí i mọ́, ẹ má sì jù ú sínú ààtàn tí wọ́n ń sun. Ooru ló ń ba bátìrì jẹ́ ju ohunkóhun lọ, àgàgà bó bá kún tó sì ń gbóná papọ̀. Bí BIOS (ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó jí) tàbí sọ́fítíwíà ẹ̀rọ yín bá gba kí ẹ fi òpin sí i ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ fi sí i.

Wọ́n máa ń sọ pé iná tó kéré ló ń mú láptọ́ọ̀pù gbóná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ara ṣájà: 100–240V. Bí iná bá wà ní 160, á ṣì gbé 19.5V rẹ̀ jáde. Ṣájà fúnra rẹ̀ ló máa gbóná sí i, kì í ṣe prósẹ́sọ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni iná tó fò sókè, pàápàá nígbà tí jẹnẹrétọ̀ kékeré bá fẹ́ kú nítorí epo. Ẹ yọ ọ́ kó tó dé bẹ́ẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tó ń fẹ́ 65W, ẹ má fún un ní ṣájà 45W.

Ti ibi tí ẹ ń gbé e sí: mátírẹ́ẹ̀sì ń dí ihò ìsàlẹ̀, òun sì ni fáànù fi ń mí. Táìsì tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n kọ́lé dára lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ìdérí ìgò méjì sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ẹ̀yìn, kó ga sókè tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Ẹni tí ọ̀nà ooru rẹ̀ bá mọ́ lè wá ra cooling pad, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá fáànù rẹ̀ bọ́ sí ojú ihò láptọ́ọ̀pù. Dígírì díẹ̀ ló lè mú kúrò. Sleep kì í sì í ṣe shut down. Ó lè jí nínú báàgì, kó máa se ara rẹ̀ níbẹ̀ láti Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìbàdàn.

OmoUnderG, 6:38 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, kí Ọlọ́run bá mi san án fún yín. Aṣọ eruku yẹn jáde bí ẹ ṣe sọ, odindi. Paste àtijọ́ ti di ẹfun, ó ń ṣẹ́ bí èèpá. Mo dá turbo padà sí 100 láti dán an wò: 51 láìṣe nǹkan kan, 81 lórí Zoom àti Chrome fún wákàtí kan, Thermal Throttling: No. Yàrá wà ní nǹkan bí 33.

Nǹkan kan ló kù. Bí fáànù bá ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣe kẹrẹkẹrẹ. Bó bá sáré, kò ṣe é mọ́.

AkesanHardware, 7:05 ìrọ̀lẹ́

O kú iṣẹ́, àbúrò. Nọ́ńbà tó dára nìyẹn. Dá 99 yẹn padà títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀.

Kọ́kọ́ wò ó bóyá wáyà rẹ̀ kan ń kan àwọn abẹ fáànù. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́rìn ló ti gbẹ. Bí fáànù yẹn bá ṣeé ṣí tí àwọn abẹ rẹ̀ sì ṣeé fà jáde, ẹ̀kán kan péré òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè fún un ní oṣù díẹ̀. WD-40 kò dára fún un, òróró ẹ̀pà kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ìgbà díẹ̀ ni èyí wà fún o. Bó bá kú pátápátá, àwọn HP kan á kọ System Fan (90B) sójú nígbà tí wọ́n bá ń tàn, ThinkPad á kọ Fan error.

Bí o bá fẹ́ ra òmíràn, má fi orúkọ láptọ́ọ̀pù nìkan béèrè. Ka nọ́ńbà tó wà lára fáànù fúnra rẹ̀, kí o wo volt rẹ̀, ọ̀pọ̀ jẹ́ 5V, kí o ka wáyà rẹ̀, kí o sì wò ó bóyá ẹnu rẹ̀ dojú kọ apá òsì bíi ti tẹ́lẹ̀. Àlòkù ni wàá rí ní ọjà jù. Fi ìka ta á kí o tó sanwó: kó yí lọ fúnra rẹ̀ díẹ̀ kó tó dúró, kó má sì mì jọ̀gẹ̀jọ̀gẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá dúró lójú ẹsẹ̀, dá a padà fún ẹni tó fẹ́ tà á fún ọ.